Ojú Ọlọ Tó Gbẹ Lórí Àpáta

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dé Dassa-Zoumè ná. Kó sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, kó pe zẹ́mìjàn kan, kó ní kó fi alùpùpù rẹ̀ gbé òun lọ sílé Perpétue ní ẹsẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà Tré. Ìyá náà wà láàyè. Ìkòkò ọkà bàbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣófo. Òkúta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò nínú ẹ̀. Ibi tí mi ò bá mọ̀, màá ní mi ò mọ̀.

Etí Perpétue kò di lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni ayé ń dákẹ́ fún un. Àwọn ìrẹ̀ alẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Òjò orí páànù tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni aago ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń sáré lọ sí Parakou. Nígbà tó fi máa kan ohùn èèyàn, ó ti mọ́ ọn lára, kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Léa, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tí Suzanne, ìyá ọmọ náà, ti lọ ń ṣòwò ní Parakou. Ẹ̀yìn tí etí di ni Léa dé. Perpétue á fi ẹnu sọ tirẹ̀, Léa á fi ọwọ́ dá a lóhùn. Bí ìjà bá dé, Perpétue á sọ tirẹ̀ tán, á pa ojú dé, Léa kò sì ní ríbi fèsì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń sọ pé ọmọ náà ní ohùn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn Kátólíìkì máa ń rọ́ wá láti ibi gbogbo láti gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà Mímọ́, wọ́n ti yan Léa pé kó dá orin kan kọ níwájú gbogbo èrò. Àwọn èèyàn ń wá dì mọ́ Perpétue, wọ́n ń gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Bí wọ́n bá lọ tán, á wọlé lọ jókòó. Gbogbo Dassa ti gbọ́ ohùn ọmọ yìí, òun tó ń fọ aṣọ rẹ̀ ni kò gbọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni Narcisse, àkọ́bí rẹ̀, ṣe gbé ẹ̀rọ kan tó ń ran etí lọ́wọ́ dé láti Cotonou. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń ṣe é nínú yàrá kan níbẹ̀, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó fi nǹkan kékeré méjì tí kò ju ẹ̀pà lọ sí ìyá rẹ̀ létí, ó sì so ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn lórí, lábẹ́ gèlè.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Perpétue fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ohùn bàbá rẹ lo gbé sọ́fun yẹn," ó ní.

Narcisse rẹ́rìn-ín, ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bó bá ti dórí ẹ̀rọ yìí, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń polówó ọjà lórí rédíò.

"Èyí tí wọ́n ń tà níta, ariwo gbogbo ló ń gbé sókè. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀já yìí ń mọ ibi tí ọkàn yín wà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ló máa lọ mú wá. Tó bá yá, ẹ ó máa gbọ́ ohun tí ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá kò lè gbọ́."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kò jìnnà," ni Perpétue wí. "Léa, sọ̀rọ̀."

Léa ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. Ojú ń tì í.

"Kí ni kí n sọ, Ìyá àgbà?"

Perpétue ti rò pé ohùn tín-ín-rín ni, nítorí ọmọ náà tín-ín-rín lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn náà nípọn, ó rọra ń bọ̀, ẹ̀rín wà lábẹ́ ẹ̀. Obìnrin náà sunkún títí gèlè fi tú lórí rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn láwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó. Ó ń gbọ́ òjò kó tó dé. Á ní ọkọ̀ àjàgbé kan ń bọ̀ lẹ́yìn òkè, gbogbo ilé á dákẹ́, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan, nígbà tó bá ṣe díẹ̀ ọkọ̀ á yọ. Ó gbọ́ tí Rébecca, aládùúgbò rẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà, ń sọ fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá pé ahun ni kì í jẹ́ kí Perpétue fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Perpétue gbé abọ́ ọbẹ̀ kan lọ fún un, iyọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé fẹnu bà. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó sì ń gbọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ọ̀hún náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ òkúta náà bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ó ti dá. Léa ti lọ bá àwọn akọrin. Perpétue jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ewé igi tíìkì kò mì. Ilé dákẹ́.

Ó gbọ́ òkúta lórí òkúta.

Kò pariwo. Láti òkè ló ti ń bọ̀. Ó gùn lọ, ó kúrú bọ̀, ó sinmi. Ó gùn lọ, ó kúrú bọ̀, ó sinmi.

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní Dassa láyé àtijọ́ á mọ ohun tó gbọ́. Lórí àpáta tó wà lókè ilé náà, àwọn ojú ọlọ wà níbẹ̀, ihò gígùn pẹlẹbẹ tí ọwọ́ àwọn ìyá ti gbẹ́ sínú òkúta láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Àwọn obìnrin á gbé igbá ọkà gun òkè láàárọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ ní méjì méjì, wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á máa lọ̀. Òórùn ìyẹ̀fun tuntun á gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ọkọ wọn. Kò sí ohun tí Perpétue ń rántí láyé tó dùn tó àwọn àárọ̀ yẹn, nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin tó ń kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

Òfin kan wà lórí àpáta náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ̀ tán kì í dìde. Kì í fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Á máa lọ ọlọ òfìfo, láìsí ọkà lábẹ́ ọwọ́, títí ìkejì yóò fi parí, kí wọ́n lè jọ dìde, kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Bí iṣẹ́ ìkejì bá ṣì pọ̀, ó lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan sójú ọlọ ẹni tó ń dúró dè é, kí ọwọ́ onítọ̀hún má baà ṣófo.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọkà dé sí ìlú. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ tò sẹ́nu ẹ̀. Ìyá Perpétue nìkan ló kọ̀, ó ní ìyẹ̀fun ẹ̀rọ ń rùn bí epo ọkọ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló kù lórí àpáta, títí ọmọ náà fi relé ọkọ. Ọwọ́ ìyá yẹn ti ṣẹ́ rí nígbà tó yọ̀ ṣubú lórí òkè, kò sì jinná dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọlọ rẹ̀ fi ń gùn lọ, tó ń kúrú bọ̀, tó sì ń sinmi. Kò sí ẹlòmíràn tó ń lọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti kú tipẹ́.

Perpétue yọ ẹ̀rọ náà létí. Ayé dákẹ́. Ó fi í padà. Ó gùn lọ, ó kúrú bọ̀, ó sinmi.

Ó ké sí Rébecca.

"Ta ní ń lọ ọkà lórí òkè?"

Rébecca bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ló tún ń fi ọwọ́ lọ ọkà ní Dassa yìí?"

"O ò gbọ́ nǹkan kan?"

Rébecca tẹ́tí. Ó rí ojú tí ìyá àgbàlagbà náà fi ń wo òun, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní.

Perpétue mú ọ̀pá, ó gun òkè. Bó ṣe ń gùn, ohùn náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpáta. Alángbá kan sá wọ koríko. Òjò ìdájí ti kún gbogbo ojú ọlọ, omi dúró nínú wọn ṣìn-ìn. Ó dé ti ìyá rẹ̀, ó lóṣòó tì í. Omi kò sí nínú èyí. Ó gbẹ. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Kò bà á. Àárò ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó jókòó ti ojú ọlọ tirẹ̀, èyí tó kọjú sí ti ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́, títí oòrùn fi yí.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn àwọn alààyè ti ń lọ. Ti Rébecca ló kọ́kọ́ lọ, ìyẹn kò dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àlùfáà. Lẹ́yìn náà, Léa á máa sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ohùn nínípọn yẹn á máa jìnnà, ọlọ á máa dún bò ó mọ́lẹ̀. Léa tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló tẹ Narcisse láago.

Nígbà tí Narcisse dé, ó yọ ẹ̀rọ náà, ó fi í sí etí ara rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ nìkan lòun ń gbọ́. Ó dá a padà sí etí ìyá rẹ̀, ó sún mọ́ ọn kó lè gbọ́ òun.

"Màmá, ọkàn yín ni ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀lé. Ẹ̀ ń ro Màmá yín jù."

"Ṣé ẹ̀rọ yín lè dá ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀?"

"Rárá o. Kò lè ṣe ìyẹn. Ohun tó bá wà ló lè gbé wá."

Narcisse gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó wo òkè.

"Mo lè ṣe mise à jour kan fún un, kí n tún ètò inú rẹ̀ ṣe," ó wí níkẹyìn. "Màá dè é mọ́ ohùn èèyàn tó bá wà nítòsí yín nìkan. Kò ní wá nǹkan mìíràn lọ mọ́. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Ti òkè ńkọ́?"

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Nígbà náà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà," ni Perpétue wí. Ó ti ṣèlérí nínú ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí Léa bá máa kọrin, òun á fi gbogbo ọkàn òun sí i, ẹ̀rọ á sì tẹ̀lé òun.

Ọjọ́ náà dé. Èrò kún iwájú ihò àpáta títí dé ojú ọ̀nà. Wọ́n fi Perpétue jókòó síwájú. Narcisse dúró lẹ́yìn rẹ̀. Léa jáde nínú aṣọ funfun, ó gbójú sókè, ó la ẹnu.

Perpétue rí ọ̀fun ọmọ náà tó ń mì. Ó rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi etí gèlè nu ojú. Ó rí àwọn ọkùnrin tó ṣí fìlà. Ó fi gbogbo agbára ọkàn rẹ̀ wá ohùn Léa. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ó wí nínú ara rẹ̀, ẹ dákẹ́ fún mi díẹ̀.

Ó gùn lọ, ó kúrú bọ̀, ó sinmi.

Lójijì, láàárín orin tí kò gbọ́ náà, ohùn ọlọ yí padà. Ó mọ́ gaara. Ó tutù. Ó mú eyín kan án. Òkúta ń fọwọ́ kan òkúta, kò sí nǹkan kan láàárín wọn mọ́.

Ọkà ti tán lábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ti parí tirẹ̀. Ó ń lọ ọlọ òfìfo, ó ń dúró de ẹnì kejì. Yàtọ̀ sí Perpétue, kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Perpétue fẹ́ràn ìyá rẹ̀, àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ bá a lọ sọ́run. Orin náà ti parí níwájú rẹ̀, gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ, òun kò gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń pa á lẹ́kún nígbà tí Léa wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ bi í léèrè pé ṣé ó dùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó mú igbá ọkà bàbà, ó ní kí Léa di òun lọ́wọ́ mú. Wọ́n jọ gun òkè. Ìkùukùu ṣì wà lórí àpáta, ó rọra ń lọ. Ọlọ òfìfo ń dún sí i létí, eyín ń kan án. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò nínú ojú ọlọ tirẹ̀. Ó wá òkúta kan tó gba ọwọ́, ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ ń ké. Ó da ọkà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé.

Nígbà tó ṣe, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó na ọwọ́, ó dà á sínú ojú ọlọ tó gbẹ.

"Ìyá," ó wí sókè, "mi ò tíì lọ̀ tán. Ẹ gba èyí dání."

Ọlọ náà dúró. Gbogbo òkè dákẹ́. Ẹyẹ kan kò ké.

Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀. Ó ní ọkà nínú.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Léa wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yára di ìyá àgbà rẹ̀ mú gírígírí. Mo ti bi í ní ohun tó rí. Mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Perpétue ní kí Narcisse ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní, "C'est bon, Màmá, ó ti dáa." Òkè dákẹ́ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Léa dúró sẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná, síbí onígi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún orin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹnì kan ṣoṣo. Perpétue gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ibi tí ọmọ náà ti mí láàárín. Ó ní kó tún un kọ. Ọbẹ̀ jóná, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní ìjẹta, ní ọ̀sán gangan, Narcisse pè láti Cotonou. Perpétue jókòó sórí àpótí sẹ́nu ọ̀nà, Léa wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dirun fún un. Léa fi fóònù sí i lọ́wọ́. Wọ́n kíra. Narcisse béèrè ara rẹ̀, ó béèrè bátìrì ẹ̀rọ. Ó wá tẹ́tí sí nǹkan kan.

"Màmá, kí lẹ̀ ń lọ̀?"

"Mi ò lọ nǹkan kan. Mo jókòó."

"Ta ló wá ń lọ nǹkan nítòsí yín?"

Ọwọ́ Léa dúró nínú irun rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?" ni Perpétue béèrè.

"Òkúta lórí òkúta. Ó ń dún lẹ́yìn ohùn yín. Ó gùn lọ, ó kúrú, ó wá..."

"Ó sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Perpétue tẹ́tí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó mọ́ kedere. Ó gbọ́ bí Léa ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

"Narcisse, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ṣé ọkà wà lábẹ́ ẹ̀, àbí ó ṣófo?"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Bó bá ṣófo, á mú eyín kan ọ́."

Narcisse tún fetí sí i. Oòrùn wà lórí àpáta lókè, kò sí ohun tó ń mì níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ni Narcisse wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìlọkà ni mo bá láyé."

Perpétue lè ní kí Narcisse tú ohun tó dè padà. Òun náà á gbọ́ ọ nígbà náà, á sì mọ èyí tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀já tó wà lórí rẹ̀.

"Ìyá àgbà?" ni Léa pè é, pẹ̀lú ohùn nínípọn yẹn.

Perpétue mú ọwọ́ kúrò.

"Lọ bu ọkà wá nínú ìkòkò," ó ní.

"Kí n bù ú tó báwo?"

"Èyí tí kò ní tètè tán."

Léa wọlé lọ. Narcisse kò tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́ ọlọ náà.